Ìkòkò Ọbabìnrin Òkè-Ẹyẹlé

Àwẹ̀ró, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, ni ó kọ́kọ́ sọ fún Ìbídùn pé ibi-ọmọ rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, nínú ìsaasùn ilá tí etí rẹ̀ kán. Ìbídùn kò tíì ju ọmọ tí a ń rán níyọ̀ lọ nígbà náà. Ó jókòó sáàárín ẹsẹ̀ ìyá arúgbó náà, wọ́n ń di ṣùkú fún un, orí ń ta á, ó sì ń béèrè ìbéèrèkíbéèrè kí ó má baà sunkún.

"Kí ló dé tí ó fi jẹ́ ìsaasùn ilá, Yèyé?"

"Ṣé kí n fi ìkòkò ọbẹ̀ ẹran sin ín ni?" Àwẹ̀ró fi òòyà kan án lórí. "Èmi ni mo fi ọwọ́ ara mi mọ ìsaasùn yẹn, èmi náà ni mo fi gbá ara odó nígbà tí mo ń sáré kiri, tí ìyá rẹ ń rọbí. Etí rẹ̀ kán. Ìkòkò tí a kò lè fi dáná mọ́ la fi ń sin ibi-ọmọ. Gbọ́tifáyọ̀ ló bá mi gbé ọkọ́. Orí ilẹ̀ ibẹ̀ náà ni mo ti ń wẹ̀ ọ́, kí omi ara rẹ lè máa kán sí i. Gbọ́ mi dáadáa: bí ayé bá lé ọ kúrò níbi gbogbo, kò lè lé ọ kúrò níbẹ̀. Gbé orí sókè."

Ọ̀rọ̀ àná nìyẹn. Ìbídùn ti di ìyá àgbà, Àwẹ̀ró ti lọ síbi tí àgbà ń rè, òkun sì ti gba Èkó. Ìsaasùn ilá náà sì wà níwájú Ìbídùn nínú àpótí gíláàsì, iná aláwọ̀ wúrà ń tàn sí i lára, àwọn ènìyàn pàtàkì pàtàkì sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ sí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Ẹkùn wa," ni ọmọbìnrin afinimọ̀nà ń wí. Tiwalọlá ni orúkọ rẹ̀, wọ́n kọ ọ́ sí àyà aṣọ rẹ̀. Ó ti sọ ọ̀rọ̀ náà títí ó fi ń sọ ọ́ bí ẹni tí ń ka ìṣirò. "Ẹ má ṣe kọ ẹ̀yìn sí Kábíyèsí. Ẹ má ṣe bọ́ bàtà òwú tí a fún yín lẹ́nu ọ̀nà. Bí agogo bá dún, ìyẹn ni pé a fẹ́ gbé Kábíyèsí kúrò níjòókòó. Ẹ dojú bolẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì gbé orí títí agogo yóò fi dún lẹ́ẹ̀kejì. Ojú kan kò gbọdọ̀ rí ohun ọba nígbà tí ó bá ń rìn. Ojú ẹ̀rọ pàápàá á dí." Ó nawọ́ sókè àjà, níbi tí àwọn ojú dúdú kéékèèké ti ń wo gbogbo ènìyàn láìṣẹ́jú.

"Ta ní ń lu agogo kejì?" ni ọkùnrin kan béèrè láti orí ilẹ̀.

"Ẹnikẹ́ni kì í lù ú, sà. Bí Kábíyèsí bá ti jókòó dáadáa síbi ìjókòó rẹ̀, ó ń dún fúnra rẹ̀."

"Bí ènìyàn bá wá ṣèèṣì gbójú ńkọ́?"

"Wọ́n á gba ẹ̀gbà ọwọ́ rẹ̀."

Gbogbo wọn fi ọwọ́ kan bo ọrùn ọwọ́ kejì. Ẹni tí kò bá ní ẹ̀gbà lọ́wọ́, ẹ̀rọ omi kan kò ní ṣí fún un ní gbogbo ìlú inú Ẹkùn, àfi kí ó máa lá ìrì lára ewé.

Ìbídùn kò kúnlẹ̀. Ó ní orúnkún ń dun òun, irọ́ sì ni. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, ó ń wo ọkùnrin tí ó béèrè ìbéèrè náà. Ó wọ aṣọ funfun gbòò, ó sì fi iwájú orí kan ilẹ̀ bí ẹni tí ó fẹ́ wọlé sínú rẹ̀. Ìbídùn rò ó pé bí ìyá tí ó bí ọkùnrin yìí bá mọ ohun tí ọmọ rẹ̀ ń forí balẹ̀ fún, yóò fà á létí délé.

Ilé náà tutù bíi inú kànga. Níta, oòrùn ń yan ènìyàn lórí àpáta, àwọn ọmọdé ń sùn sábẹ́ ọkọ̀ kí wọ́n lè rí òjìji; nínú ilé, wọ́n ń fẹ́ atẹ́gùn tútù sí ìkòkò lára. Ìkòkò nìkan kọ́. Láti ìgbà tí àwọn ẹ̀rọ tí ń tọ́jú ìwé ayé ti rì sínú òkun pẹ̀lú Èkó, ohun tí ẹ̀rọ Ọ̀mọ̀ràn bá sọ ni ìtàn, kò sì sí ohun tí Ọ̀mọ̀ràn kò lè sọ. Ó ní apá fáànù kan tí wọ́n hú nílẹ̀ jẹ́ idà àwọn ẹ̀ṣọ́. Ó ní kẹ́tùlù ike tí baba ẹnìkan fi ń ṣe àlùwàlá jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń da ọtí sílẹ̀ fún òkú ọ̀run. Rìmóòtù tí ó wà nínú àpótí kẹta, Ọ̀mọ̀ràn ní pátákó àdúrà ni, pé àwọn baba ńlá wa a máa tẹ̀ ẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, wọn a sì máa bínú bí àdúrà kò bá gbà. Ọ̀rọ̀ ti ìkẹyìn yẹn kò kúkú jìnnà sí òótọ́.

Ní àkókò náà ni ohùn Ọ̀mọ̀ràn jáde láti inú ògiri, ohùn jẹ́jẹ́ tí kò ní ọ̀fun:

"Ìkòkò Ọbabìnrin. A kò mọ orúkọ rẹ̀. Ó jọba ní Òkè-Ẹyẹlé nígbà tí ayé ṣì tutù. Ìlà mẹ́ta tí ó wà lọ́rùn ìkòkò dúró fún ìlú mẹ́ta tí ó ṣẹ́gun. Ìlà kejì wọ́, nítorí ogun kejì le. Etí ìkòkò kán lójú ogun náà."

Imú Ìbídùn dún fìn-ín.

"Ṣé ikọ́ ni, Màmá?" ni Tiwalọlá béèrè.

"Ẹ̀rín ni."

Ọwọ́ kan gbá a ní apá mú, ó fà á lọ sí ẹ̀yìn òpó. Gbọ́tifáyọ̀ ni, ọmọ Àwẹ̀ró tí ó gbé ọkọ́ lọ́jọ́sí, tí ó ti di Olóyè Gbọ́tifáyọ̀ báyìí, tí iyùn kún ọrùn rẹ̀, tí fìlà aláràn-án sì dúró ṣánṣán lórí rẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́ fún àwọn tí ń wò ó, ó sì ń fún Ìbídùn lápá pinpin.

"Àbúrò, mo bẹ̀ ọ́. Má dójú tì wá lónìí."

"Ta ni 'wa', Bọ̀dá? Èmi àti ta ni?"

"Gbogbo ìlú! Wọ́n ń gbé ẹ̀rọ Ẹnu-Irin bọ̀ wá báyìí. Yóò tọ́ inú ìkòkò wò, yóò tọ́ ìka ọmọ Òkè-Ẹyẹlé kan wò, bí ó bá ti ní ìbátan ni wọ́n, ó parí. Wọ́n á fa omi wá fún wa. Èmi ni n ó fi ìka sílẹ̀. Ìwọ sáà dúró, kí o dákẹ́."

"Lọ́la ni Awolẹ̀ ń bọ̀ ládùúgbò wa," ni Ìbídùn wí. "Ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀."

Gbọ́tifáyọ̀ wo bàtà òwú ẹsẹ̀ rẹ̀. Ta ni kò mọ̀? Ẹ̀rọ Awolẹ̀ a máa lọ láti agbolé dé agbolé, a máa rá pálá, a máa wo abẹ́ ilẹ̀. Bí ó bá rí sàréè bàbá onílé, tàbí ibi-ọmọ rẹ̀, á kùn hùn-ùn, á sì kọjá. Bí kò bá rí gbòǹgbò kankan, a jẹ́ pé àlejò ni onílé. Kí oòrùn tó wọ̀, wọn á ti kó o lọ sí Ìlú Irin, níbi tí ilé ti gun orí ilé bí àpótí ẹja, tí kò sí erùpẹ̀ tí ènìyàn lè fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Èkó ni bàbá Ìbídùn kú sí, òkun sì ti gbé òun àti sàréè rẹ̀ lọ. Ìsaasùn ilá nìkan ni ó kù fún un nílẹ̀. Ó lọ kí ọmọ rẹ̀ lókè odò, kí ó tó dé, ihò ni ó bá lábẹ́ igi àgbálùmọ̀.

"Ẹ̀yin lẹ mú wọn débẹ̀," ni Ìbídùn wí. "Kò sí alààyè mìíràn tí ó mọ ibẹ̀. Ẹ̀yin lẹ gbé ọkọ́."

"Ọmọdé ni mí nígbà yẹn."

"Ṣé ọmọdé náà lẹ jẹ́ lóṣù tó kọjá?"

"Kí ni kí n fún wọn?" Ohùn Gbọ́tifáyọ̀ gbóná, síbẹ̀ ẹ̀rín kò kúrò lójú rẹ̀ nítorí àwọn tí ń wò ó. "Wọ́n ní ìlú tí kò bá ní ohun ọba nínú ilẹ̀ kò ní rí omi. Òkè-Ẹyẹlé ò jẹ ọba rí! A ò jagun rí! Iṣu la gbìn, a jẹ ẹ́, a kú. Ilẹ̀ tí a gbẹ́ káàkiri, àpólà ike la rí. Ìkòkò rẹ nìkan ló jọ nǹkan."

"Ẹ bá fún wọn ní ibi-ọmọ tiyín."

"Ilé ìwòsàn ni wọ́n bí mi sí. O mọ̀. Wọ́n ju tèmi nù."

"Ẹn-hẹ́n," ni Ìbídùn wí. "Abájọ."

"Abájọ kí ni?"

"Abájọ tí ẹ fi ń kó ti ẹlẹ́ni."

Bẹ́ẹ̀ ni Ọ̀mọ̀wé Adégbuyì, olórí Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé náà, dé ọ̀dọ̀ wọn. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò tíì ju ẹni tí Ìbídùn lè bí lọ, ó sì ń rìn bí ẹni tí ó gbé ẹyin sí abíyá. Ó kúnlẹ̀ díẹ̀, kì í ṣe fún Ìbídùn, fún ilẹ̀ tí Ìbídùn ti wá.

"Màmá onílẹ̀! Ẹ kú oríire. Ẹ̀yin ni Kábíyèsí sùn sí ẹ̀yìnkùlé yín láti ọjọ́ pípẹ́!"

"Ọ̀mọ̀wé," ni Ìbídùn wí, ó sì gbìyànjú láti sọ̀rọ̀ bí ènìyàn dáadáa, "mo fẹ́ kí ẹ gbé ìkòkò mi fún mi. Ẹ jọ̀wọ́. N ò ní pariwo."

Ọ̀mọ̀wé rẹ́rìn-ín bí ẹni tí ọmọdé béèrè òṣùpá lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ìsaasùn ilá ni, Ọ̀mọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló mọ ọ́n. Èékánná rẹ̀ ló fi fa ìlà ọrùn yẹn, ìlà kejì wọ́ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ yẹ̀. Ibi-ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀."

"Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an bí àwọn ará ilé ṣe ń ní ìtàn tiwọn," ni Ọ̀mọ̀wé wí. "A ó fi kún un. Ọ̀mọ̀ràn, fi kún un pé: àwọn ará Òkè-Ẹyẹlé gbà pé Ọbabìnrin fẹ́ràn ilá."

"Ó fẹ́ràn ilá," ni ògiri dáhùn.

"Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ó ti pẹ́?" ni Ìbídùn béèrè. "Ta ló sọ fún yín?"

"A wọ̀n ọ́n, Màmá."

"Ẹ wọn ìkòkò?"

"Rárá o! Èèwọ̀ ni kí a fọwọ́ kan Kábíyèsí kí Ẹnu-Irin tó tọ́ ọ wò. Ilẹ̀ tí ó yí i ká la wọ̀n. Ilẹ̀ náà ti gbó, Màmá. Ó ti gbó kọjá ohun tí ẹ lè rò."

Ìbídùn wò ó títí. "Ilẹ̀ wo ni kò gbó, ìwọ ọmọ yìí?"

Kò mọ ìgbà tí ó yọ "ẹ̀yin" kúrò lẹ́nu. Ọ̀mọ̀wé náà kò tilẹ̀ gbọ́. Ó ti ń tọ́ka sí àpótí gíláàsì mìíràn tí ó ṣófo, tí ó ga ju ènìyàn lọ, tí àga kan wà nínú rẹ̀, àga onírọ̀rí pupa, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ ọwọ́ àga.

"A ti ro ti ẹ̀yin náà. A gbọ́ pé Awolẹ̀ ń bọ̀ lágbolé yín, pé ọ̀rọ̀ náà le díẹ̀. Ẹ kò ní lọ sí Ìlú Irin. Ibẹ̀ yẹn ni tiyín. Ìyá Ìkòkò la ó máa pè yín. Ẹ ó wọ ìlẹ̀kẹ̀, ẹ ó jókòó ti Kábíyèsí, àwọn àlejò á máa wò yín. Oúnjẹ ń bẹ, omi ń bẹ, atẹ́gùn tútù ń bẹ. Tí ẹ bá fẹ́, ẹ lè máa fi ọwọ́ kí wọn báyìí." Ó fi ọwọ́ hàn án bí yóò ti máa ṣe é, ó ń jù ú díẹ̀díẹ̀ bí ìrù màlúù tó ń lé eṣinṣin.

"Títí di ìgbà wo?"

"Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé kì í jáde kúrò nílé yìí, Màmá. Títí ni."

Gbọ́tifáyọ̀ fi ìgúnpá gún un. "Ṣé o rí i? Wọ́n tún fún ọ ní àga."

"Ẹ lọ jókòó síbẹ̀, Bọ̀dá. Ara yín ló gba ìwò."

Wọ́n ti ń ti Ẹnu-Irin wọlé lórí táyà. Ohun kan tí ó rí bí ìgbín ńlá ni, gbogbo ara rẹ̀ irin, ó dákẹ́, ahọ́n tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì ń wọlé ń jáde níwájú rẹ̀ bí ti alángbá. Àwọn àlejò sún sẹ́yìn lórí orúnkún. Ẹ̀rọ agbẹ́rù, èyí tí wọ́n ṣe láìfún un lójú kí ó má baà rí ohun ọba, tẹ ọwọ́ gígùn rẹ̀ síwájú, ó ṣí àpótí gíláàsì náà. Ẹnu-Irin na ahọ́n wọ inú ìsaasùn náà, ó lá ìdí rẹ̀ yípo, jẹ́jẹ́, bí ọmọ tí ń lá àwo ọbẹ̀.

"Ó kù ọmọ Òkè-Ẹyẹlé," ni Tiwalọlá wí. "Kí ọmọ ìlú kan ṣoṣo jáde wá, kí ó fi ìka sílẹ̀."

Gbọ́tifáyọ̀ tún iyùn ọrùn rẹ̀ tò.

Ní ìṣẹ́jú yẹn, Ìbídùn ro ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí Gbọ́tifáyọ̀ bá fi ìka sílẹ̀, ẹ̀rọ á ní ìbátan ni wọ́n, òótọ́ ni yóò sì sọ. Ìlú á rí omi. Ilẹ̀ ẹ̀yìn ilé ìdáná á ṣófo, òun á lọ sí Ìlú Irin, tàbí kí ó wọ inú gíláàsì lọ máa ju ọwọ́. Bí òun bá fi ìka tirẹ̀ sílẹ̀, ẹ̀rọ á tú àṣírí. Ohun tí kò bá gbó, òfin ní kí wọ́n dá a padà fún ẹni tí ó ni ín. Òun á gbé e lọ sílé, á sin ín, Awolẹ̀ á kùn, á kọjá. Ṣùgbọ́n omi kò ní wá. Ó rántí Ràfátù tí ó mú ilé tì í, tí ó ń ta ọ̀rá sókè lálẹ́ kí ìrì lè kán sínú rẹ̀, tí ó sì ń pín ìrì náà fún àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní ìdérí ìgò. Ọ̀rọ̀ Ràfátù nìkan ni ó dùn ún. Ti àwọn yòókù, tí wọ́n rí i tí àwọn awalẹ̀ ń gbẹ́ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀, tí wọ́n gbé àga jáde láti wòran, kò dùn ún tó bẹ́ẹ̀.

Ó sì rántí Ràfátù lẹ́ẹ̀kan sí i. Ràfátù ni ó sọ fún un lówùúrọ̀ pé: "Omi tí wọ́n bá fi ilé rẹ rà fún mi, kí n máa mu ún, kí n máa wo ilé rẹ? Lọ gbé nǹkan rẹ, jàre."

Ẹsẹ̀ Ìbídùn ti gbé kí ó tó mọ̀. Ó fi ejíká ti olóyè sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó sì na ìka ìfábẹ̀lá rẹ̀ sí ahọ́n tútù náà.

"Àbúrò!" ni Gbọ́tifáyọ̀ pariwo.

Ẹnu-Irin tọ́ ọ wò. Ó tún un tọ́ wò.

"Ọ̀kan náà ni wọ́n," ni ó wí. "Ẹni tí ó wà nínú ìkòkò àti ẹni tí ó fi ìka kàn mí, ẹnìkan ṣoṣo ni."

Ìbídùn yíjú sí wọn. Ó ti múra sílẹ̀ fún ìtìjú wọn, ó tilẹ̀ ti ń ṣàánú wọn díẹ̀.

"Ẹ gbọ́ ná? Ibi-ọmọ mi ni. Ẹ dìde, ẹ gbọn orúnkún yín. Kì í ṣe ọba. Ẹ gbé e fún mi, kí n máa lọ."

Ọ̀mọ̀wé Adégbuyì ń wò ó, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti tún ayé wá," ni ó wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́.

"Kí lo wí?"

"Ilẹ̀ ti gbó, ìkòkò wà nínú ilẹ̀, ẹni tí ó wà nínú ìkòkò sì dúró níwájú wa! Ọ̀nà mìíràn wo ni ó lè gbà rí bẹ́ẹ̀? Ó padà wá! Ọbabìnrin ti yà lọ́dọ̀ àwọn ará rẹ̀!" Ó sì ṣubú lulẹ̀ bí àpò iṣu.

"Yétúndé!" ni ẹnìkan kígbe. "Ìyá ti padà wá!"

"Orí yín dàrú ni?" Ìbídùn na ọwọ́ sí ìsaasùn náà. "Ilá ni wọ́n fi ń sè! Ilá!"

"Ó ń béèrè ilá!" ni ọkùnrin aláṣọ funfun wí, ẹkún ń gbọ̀n ọ́n. "Ẹ̀rọ sọ ọ́! Ẹ̀rọ ní ó fẹ́ràn rẹ̀! Ẹ wá ilá fún Kábíyèsí!"

Ìbídùn wá wo Gbọ́tifáyọ̀, ẹnì kan ṣoṣo tí ó dúró. Ojú wọn pàdé. Ó mọ̀. Ó gbé ọkọ́ lọ́jọ́ náà, ó rí etí ìsaasùn tí ó kán, ó rí Àwẹ̀ró tí ń gún ilẹ̀ mọ́lẹ̀ pẹ̀lú gìgísẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan péré láti ẹnu rẹ̀ ti tó. Ẹnu rẹ̀ là, ó tún pa dé. Ó wo òkè, ó wo àwọn ojú ẹ̀rọ, ó wo àwọn ènìyàn nílẹ̀. Ó ṣí fìlà aláràn-án rẹ̀, ó gbé e sílẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì na gbogbo ara rẹ̀ tọ fìlà náà.

"Kábíyèsí o," ni Olóyè Gbọ́tifáyọ̀ wí.

Ìbídùn tutọ́ sílẹ̀.

"Ẹ múra àga!" ni Ọ̀mọ̀wé ń ké láti ilẹ̀. "Kábíyèsí méjèèjì á wọ ilé wọn papọ̀! Ẹ lu agogo!"

Agogo dún.

Ẹni tí ó ṣì gbórí díẹ̀ dojú bolẹ̀ pátápátá. Lókè àjà, àwọn ojú dúdú náà ń dí lọ́kọ̀ọ̀kan, tó, tó, tó, bí ẹni ń pa iná ojúlé. Ẹ̀rọ agbẹ́rù tí kò lójú gbé ìsaasùn náà kúrò níjòókòó rẹ̀, ó nà án síwájú sínú òfìfo, ó ń dúró kí wọ́n sọ ibi tí yóò gbé e sí. Kò sí ẹni tí ó lè sọ fún un. Gbogbo ẹnu wà nílẹ̀.

Ìbídùn gba ìsaasùn náà lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Ó fúyẹ́ ju bí ó ti rò lọ. Ó wo yíká fún ohun tí ó lè fi ṣe òṣùká, kò rí nǹkan kan tí ó sunwọ̀n ju fìlà aláràn-án lọ. Ó bẹ̀rẹ̀, ó mú un, ó lọ́ ọ, ó ká a, ó fi sórí, ó sì gbé ìsaasùn rù.

"Àbúrò." Ohùn Gbọ́tifáyọ̀ ń jáde láti inú ilẹ̀. "Fìlà mi dà? Kí lò ń ṣe?"

"Ẹ dojú bolẹ̀, Bọ̀dá. Kábíyèsí ń rìn."

"Ìbídùn! Omi ńkọ́?"

"Ẹnu-Irin ti jẹ́rìí fún yín. Ó ní ọba wà ní Òkè-Ẹyẹlé. Ta ló máa bá a jiyàn? Ìsaasùn ẹ̀wà tí Àwẹ̀ró mọ ṣì wà lórí àjà ilé ìdáná mi, ìdí rẹ̀ dúdú dáadáa. Tí ẹ bá dé, ẹ wá gbé e, kí ẹ fi sínú gíláàsì yẹn. Ẹni tí ó lè bọ ibi-ọmọ, ìsaasùn ẹ̀wà kò ní tì í lójú."

"Etí rẹ̀ ò kán!"

"Ẹ kán an. Ṣé ọwọ́ ò sí lára yín ni?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Ọ̀nà kò fẹ̀, nítorí náà ó ń gba àárín wọn kọjá, ó ń gbé ẹsẹ̀ lórí apá, ó ń gbé ẹsẹ̀ lórí orí tí wọ́n fá, lórí gèlè, lórí ẹ̀yìn gbọọrọ aláṣọ funfun tí ó ṣì ń sọkún ilá. Ó fi bàtà òwú rẹ̀ tẹ etí aṣọ Ọ̀mọ̀wé Adégbuyì. Ọ̀mọ̀wé náà ní, "Ẹ ṣeun, Kábíyèsí." Kò sí ẹni tí ó gbójú. Ẹ̀gbà ọwọ́ kò ṣe é fi ṣeré.

Lẹ́nu ọ̀nà, Tiwalọlá náà dùbúlẹ̀, ó fi orí sáàárín apá méjèèjì.

"Ẹ rọra, Màmá," ni ó wí nísàlẹ̀ ohùn. "Àtẹ̀gùn kẹta ti yẹ̀."

Ìbídùn dúró díẹ̀. Ọmọbìnrin yìí nìkan ni kò pe òun ní Kábíyèsí. "O ṣeun, ọmọ mi," ni ó wí. "Wá ilẹ̀ tó rọ̀ fi orí lé. Yóò pẹ́ díẹ̀."

Nítorí pé agogo kejì kò ní dún àfi tí Kábíyèsí bá jókòó síbi ìjókòó rẹ̀, ibi ìjókòó rẹ̀ sì wà lẹ́yìn ilé ìdáná, lábẹ́ igi àgbálùmọ̀, ìrìn ọ̀sán gbáko sí ibí. Ó bọ́ bàtà òwú sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ilẹ̀ gbígbóná gbà á ní àtẹ́lẹsẹ̀. Ó fo àtẹ̀gùn kẹta, ó fi ọwọ́ kan gbá ìsaasùn rẹ̀ mú, ó mú ọ̀nà Òkè-Ẹyẹlé pọ̀n, kò sì bojú wẹ̀yìn.